Ẹni Kìíní Nínú Àkọsílẹ̀

Nínú àwòrán tí kọ̀ǹpútà tàn sára ògiri, òpó pupa kan ga débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Mẹ́rin mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kò ga ju èékánná lọ.

"Ẹni Kìíní rè é," ni ọmọbìnrin tó dúró níwájú kíláàsì wí. "Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́sàn-án ló ṣí ojú ìwé yìí, kò sì gba àyè láti rí sà lẹ́ẹ̀kan rí. Àárọ̀ kan, ọ̀sán kan. Kò yọ Sátidé sílẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìlànà ìwádìí ló ń kọ́ wọn, àwọn mẹ́rìndínlógún tó ń kàwé gboyè kejì nínú iṣẹ́ sọ́fítíwià. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n kọ ètò tí yóò máa darí ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á ní yóò parí lọ́la; ẹ wá bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó wúlò fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á máa họ orí. Ẹni tó bá yára sọ̀rọ̀ láàárín wọn, ìbéèrè kan náà ni olùkọ́ máa ń bi í: "Ẹ̀rí dà?" Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ̀rí-Dà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Ojú ìwé tí wọ́n ń sọ yìí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba àyè tó bá fẹ́ wá rí olùkọ́ ní ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin náà ló kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Àbúrò ni gbogbo kíláàsì ń pè é, torí òun ló kéré jù. Ohun tí ojú ìwé náà kọ sílẹ̀ nípa àwọn tó ń lò ó ló fẹ́ fi ṣe ìwé àṣekágbá rẹ̀. Ó ti yọ orúkọ wọn kúrò, ó fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, bí olùkọ́ ṣe kọ́ ọ.

"Kí ló wá ń ṣe Ẹni Kìíní?" ni alága kíláàsì bi í.

"Ojú ló ń tì í. Ó fẹ́ rí sà, ẹ̀rù ń bà á. Á dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà. Ohun tí màá kọ ni pé ká tún ojú ìwé náà ṣe, kó lè máa fi irú wọn lọ́kàn balẹ̀."

"Àánú ẹ̀ ṣe mí o," ni ẹnì kan wí lẹ́bàá fèrèsé. "Bóyá àárín wa níbí ló jókòó sí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ kò gbójú kúrò lára òpó pupa náà. Òun ni Ẹni Kìíní. Láràárọ̀, kó tó bọ́ kóòtù, á ṣí ojú ìwé náà wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀; lọ́sàn-án, á tún un wò. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé rí, bí àlejò ló ń yọjú. Ẹni tó ti ń kọ́ni látọdúnmọ́dún pé kéèyàn yọ onílé kúrò kó tó ka àlejò, òun náà ló gbàgbé pé òun ni onílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é. Láti ọdún méjì tí ìyá ọmọ náà ti kú ló ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kó fẹ̀yìn tì, àmọ́ fọ́ọ̀mù tí yóò fi ọdún méjì kún iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n sì fẹ́ gbà á.

"Ta ló máa wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi?" ló bi ọmọ rẹ̀. "Wọn kì í jẹ́ kí n sinmi. Ẹsẹ̀ kì í dá lẹ́nu ọ̀nà mi."

"Ṣé lóòótọ́ ni, Bàbá mi?"

"Ṣé mo máa purọ́ fún ẹ ni?"

Ó lè dákẹ́ báyìí ní kíláàsì o. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n Àbúrò á kọ ọ́ sínú ìwé, ẹlòmíràn á kà á, á gbà á gbọ́, wọ́n á sì máa ṣètò ìtùnú fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí láyé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ó dìde.

"Àbúrò, ẹ̀rí dà pé akẹ́kọ̀ọ́ ni?"

"Sà, ta ló tún máa..."

"Èmi ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága kíláàsì tẹjú mọ́ fóònù tí kò tàn.

"Yọ Ẹni Kìíní kúrò," ni olùkọ́ wí, bí ẹni pé ẹ̀kọ́ ló ń bá lọ. "Tún un kà."

Àbúrò tẹ kọ̀ǹpútà. Òpó pupa pòórá, àwòrán náà sì tún ara rẹ̀ tò: àwọn kúkúrú mẹ́rin bá ga sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé èrò pọ̀.

"Ìbẹ̀wò márùn-ún péré ló kù, sà," ó wí jẹ́jẹ́. "Kò tó ṣe ìwádìí."

"Kọ ọ́ bó ṣe rí. A ó wá ìbéèrè míì."

Àbúrò sáré bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. "Sà, ẹ má bínú. A rò pé ọwọ́ yín máa ń dí ni. A máa ń kìlọ̀ fún ara wa pé ká má lọ dà yín láàmú."

Inúure ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ́fíìsì, ó mú bíírò, ó gbé e sílẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo purọ́ fún ẹ láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá."

"Mo mọ̀, Bàbá mi," ni ọmọ náà wí.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ìgbàkigbà tí mo bá pè yín, kì í dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ ẹ fi ń gbé e."

Láti ọdún méjì ni ọmọ olùkọ́ ti ń ka iye ìgbà tí fóònù rẹ̀ ń dún, kò sì fi í ṣe ẹlẹ́yà rí. Olùkọ́ ká fọ́ọ̀mù náà sí méjì láìbuwọ́ lù ú, ó ní kí ọmọ náà sọ bí yàrá tí òun máa gbé lọ́dọ̀ wọn ṣe rí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi fèrèsé.