Eyín Tí Kò Dun Suhail Mọ́

"Irú oògùn tí ẹ kọ fún Suhail ni kí ẹ kọ fún òun náà," ni Mujeebat wí. Àbẹ̀ḿbí, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, ti wà lórí àga ìtọ́jú eyín, ó lanu sílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wú.

Inú Dókítà Ọláídé dùn láti tún rí wọn ní ilé ìtọ́jú eyín rẹ̀ ní Bódìjà. Ó lé lóṣù kan tí ó ti ń retí Suhail, ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀ḿbí, kí ó lè yọ eyín tó jẹrà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, ọmọ náà ké tantan, ó gé Ọláídé jẹ níka, ìyá rẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà fún un lóògùn. Ká sọ òótọ́, ó ti rẹ Ọláídé. Ó kọ oògùn olómi tí ń pa kòkòrò àìfojúrí, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé.

"Suhail ńkọ́?"

Mujeebat wolẹ̀. "Ó ti fi wá sílẹ̀, Dókítà. Oògùn yín ṣiṣẹ́ gan-an o. Ọjọ́ kejì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti rọlẹ̀, ìdí nìyẹn tí a ò fi padà wá. Ibà ló dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọrùn rẹ̀ wú, kò lè mí. A ò tíì dé ọsibítù tí ọlọ́jọ́ fi dé." Ó fi ìbòrí nu ojú. "Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé eyín yẹn ò dùn ún mọ́ kó tó lọ."

Ó ṣe Ọláídé bíi kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Kì í ṣe ibà. Eyín yẹn ni. Oògùn kàn pa ìrora mọ́ ni, ọyún sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀fun.

"Lónìí la máa yọ ti Àbẹ̀ḿbí, Ìyá Suhail."

"Rárá o! Ọmọdé ni. Ṣebí oògùn yẹn ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" Ó ti na ọwọ́ láti gbé ọmọ rẹ̀.

Bí wọ́n bá fi lè dé ilé wọn ní Agbowó, wọn kò ní padà. Ọláídé mọ ohun tí òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ obìnrin yìí, ìtùnú kan ṣoṣo tó kù fún un, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Omijé lé ròrò sí i lójú.

"Oògùn tí mo kọ fún Suhail kò wò ó sàn," ó ní. "Eyín yẹn ló mú kí ọrùn rẹ̀ wú. Ó yẹ kí n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò yọ ọ́. Ẹ má bínú."

Ó pẹ́ kí Mujeebat tó mú ọwọ́ kúrò lára Àbẹ̀ḿbí. Ó fi í sílẹ̀ lórí àga.

"Ṣé eyín yẹn wá ń dun Suhail títí tó fi lọ ni, Dókítà," ó béèrè, "tí kò lè sọ?"