Ọjọ́ Tí Ọrùn Lásísì Lọ Fẹjọ́ Sùn

"Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi bí mo bá sọ ọ́ tán."

Bí Lásísì ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn láàárọ̀, nínú ọgbà iléeṣẹ́ iná tó ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń gun òpó tún wáyà ṣe jókòó sórí òpó kan tí wọn kò tíì rì mọ́lẹ̀, wọ́n ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń mu tíì.

Lásísì kì í ṣe ẹni tó máa ń ráhùn. Ó ti pẹ́ tí ọrùn àti èjìká ti ń dùn ún, nítorí òkè ni ẹni tó bá ń tún wáyà ṣe ń wò látàárọ̀ dalẹ́, tòun ti ẹrù irinṣẹ́ tó gbé kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í, "Kò sí wàhálà" ni yóò sọ. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á ní ó ti darúgbó, wọ́n á sì ní kó lọ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Nínú àlá náà, ó rí ara rẹ̀ lórí òpó. Bó ṣe ń gùn ún ni òpó náà ń ga sí i bí àgbàdo tó rójò. Kò yà á lẹ́nu. Nígbà tó gùn ún débi tí àwọn lékèélékèé ti ń fò kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí èrò inú ọkọ̀ pé, "Ó wà o. Mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀."

Ọrùn náà bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ó jókòó sórí igi tí wọ́n fi dábùú òpó, ó ń jẹ ẹ̀pà. Orí Lásísì wá jókòó sáàárín èjìká méjèèjì bí ìkòkò tó wà lórí ààrò.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Lásísì wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Kò dára," ni ọrùn dáhùn. "Mò ń lọ fẹjọ́ rẹ sùn ní ọ́fíìsì."

Ọ́fíìsì kò jìnnà. Ó léfòó sójú ọ̀run nítòsí wọn, tilẹ̀kùn tifèrèsé, wáyà kan ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Lásísì fà á súnmọ́ ara rẹ̀, ó nu ẹsẹ̀, wọ́n sì wọlé. Ọ̀gá Fáṣínà jókòó sẹ́yìn tábìlì.

"Ta ló fẹ́ fẹjọ́ sùn?"

"Èmi ni, sà," ni ọrùn wí, ó dọ̀bálẹ̀. "Òkè ni mò ń wò látàárọ̀. Bílẹ̀ bá tún ṣú, orí apá àga ló máa ń gbé mi sùn sí kí ó tó rántí bẹ́ẹ̀dì."

Àwọn èjìká ní àwọn náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Àkàsọ̀ tó fara ti ògiri ní ó pẹ́ tí òun ti ń gbé àwọn géńdé, ẹnì kan kò sì kí òun kú iṣẹ́ rí.

Ibí ni Lásísì ti dánu dúró, ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ forí jì mí, sà. Ibẹ̀ lẹ ti di òbúkọ."

Àwọn tó kù wolẹ̀. Ọ̀gá gbé ife tíì kúrò lẹ́nu.

"Òbúkọ kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òbúkọ tó mọ́ tónítóní. Ẹ ṣì wọ táì yín."

"Kí ni mo wá ń ṣe?"

"Ẹ ń jẹ kọ́tìnì, sà."

Ọ̀gá ronú díẹ̀. "Ó dára. Máa bá a lọ."

Òbúkọ náà gbé kọ́tìnì mì, ó bi Lásísì pé, "Ìwọ gan-an kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé ó ń dùn ọ́ àbí kò dùn ọ́?"

"Kò sí wàhálà, sà."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni wáyà já, ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Òbúkọ tún bi í.

"Kò sí wàhálà, sà."

Ni ọ́fíìsì bá tún sáré sí i. Páànù orí ilé àwọn èèyàn ti ń hàn lójú fèrèsé. Àkàsọ̀ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ òótọ́, òun kò mọ fífò. Ọrùn ń wo Lásísì. Kò bínú mọ́, ńṣe ló kàn ń fojú bẹ̀ ẹ́. Lásísì la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju tiransifọ́mà lọ, ó ń tì í, ó ń tì í, kí ó tó jáde.

"Ó ń dùn mí."

Ohùn ara rẹ̀ ló jí i. Orí rẹ̀ ti yọ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí, ọrùn kọ̀, kò yí sọ́tùn-ún, kò yí sósì. Sìdíkátù, ìyàwó rẹ̀, ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ibo ló ń dùn yín?"

"Ọrùn ni. Àti èjìká. Ó ti pẹ́."

"Mo mọ̀," ni Sìdíkátù wí. "Ẹ kì í yí ọrùn wò mí mọ́. Gbogbo ara lẹ fi ń yí bí ọkọ̀ àjàgbé. Àwọn ará ilé ní ìgbéraga ni. Mo ní kí n máa wò yín títí tí ẹ ó fi sọ ọ́ fúnra yín."

Ó lọ yọ́ òrí lórí iná, ó sì ń fi pa á lọ́rùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

"Ibi tí àlá mi parí sí nìyẹn," ni Lásísì sọ fún wọn nínú ọgbà. "Ohun tí mo sọ fún ìyàwó mi náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà. Ọrùn ń dùn mí."

Ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín. Olúgbodé, tó lágbára jù nínú wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èjìká òsì ni tèmi. Ìyàwó mi ló ń bá mi wọ ẹ̀wù."

Ẹlòmíràn ní bí òun bá ti dé akoto, ọrùn òun á máa ró bí ìgbà tí wọ́n ń pa ẹ̀kùrọ́. Ọkọ̀ dé, dẹ́rẹ́bà fọn fèrè. Ọ̀gá Fáṣínà ní kó pa ọkọ̀. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n sún fún òun, ó sì jókòó sórí òpó láàárín wọn, tòun ti táì rẹ̀.

"Tèmi, láti ìgbà tí mo ti ń gun òpó bíi tiyín ni," ni ó wí. "N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi mú. Ọ̀gá ní láti òní lọ, ẹni tó bá gun òpó kan tán yóò sọ̀ kalẹ̀ sinmi, ẹlòmíràn ni yóò gun èyí tó kàn. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ dìde, kò sì lè dìde. Lásísì àti Olúgbodé dì í mú, wọ́n jọ fà á sókè ní apá ọ̀tún, nítorí ó ti sọ fún wọn pé tòsì kò ṣeé fà.