Ìkòkò Tó Ń Hó Láìsí Iná

Bí o bá fẹ́ kí gbogbo agbo ilé mọ ohun tí ò ń ṣe, fi í pamọ́. Kúlúsúmù kò tíì mọ èyí. Ìyàwó kékeré ni ní ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì rò pé yàrá tí wọ́n fún òun, tòun ni.

Nítorí ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Àjọkẹ́, ló ṣe gbé ìkòkò náà kalẹ̀. Ibà ti fi ìyá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ korò, kò sí oúnjẹ tó ń wù ú jẹ, ó sì ń rù lójoojúmọ́. Kúlúsúmù a máa fọ aṣọ fún Edith, obìnrin Sàró kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe akọ̀wé fún rélùwéè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìbàdàn. Edith ló fún un ní èso apálá kan tọ́ wò, èyí tí wọ́n ti rẹ sínú omi iyọ̀ títí ó fi kan. Itọ́ sá sí Kúlúsúmù lẹ́nu. Ó ní Ìyá á jẹ èyí, Edith sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ó kó apálá kéékèèké sínú ìkòkò, ó fi ayù sí i, ó fi ewé gúáfà sí i kí wọ́n má bàa rọ̀. Ó da omi iyọ̀ lé e, ó fi òkúta odò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi aṣọ funfun dì í lẹ́nu. Edith ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣí i títí yóò fi kan. Nítorí náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí nílé tí ọwọ́ pọ̀, títọ́ wò ni oúnjẹ fi ń tán.

Ewé, òkúta, aṣọ funfun. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó bí kò bá jọ oògùn.

Àṣàkẹ́ ìyálé rẹ̀ wọlé wá yá asẹ́, ó sì gbọ́ tí ìkòkò ń dún bùkùbùkù lábẹ́ aṣọ, láìsí iná nídìí rẹ̀. Kò bèèrè ohun tó jẹ́. Àkíbù ọkọ wọn wà ní Ìlọrin níbi tó ti ń ta aṣọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ọkọ, Fàsásì baálé, ló sáré lọ bá.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, wọ́n gbé ìkòkò jáde síwájú gbogbo ilé. Wọ́n ti tẹ́ ẹní fún Ìyá Àjọkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Fàsásì tú aṣọ náà. Ìfófó ru sókè, ohun funfun kan sì bo ojú omi.

"Kí lèyí?"

"Apálá ni, Bàbá. Ìyá ni mo ṣe é fún."

"Apálá wo ló ń hó láìsí iná?" ni Àṣàkẹ́ wí. "Ẹ wá rí ohun tí ò jẹ́ kí Ìyá dìde."

Fàsásì kì í ṣe ìkà, àmọ́ ẹ̀rù ẹnu ará ilé ń bà á. Ó ní kí Kúlúsúmù jẹ níbẹ̀. Kúlúsúmù mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ tán.

"Ẹni tó se é á mọ ẹ̀rọ̀ ẹ̀," ni Àṣàkẹ́ tún wí. "Kó fún Sìdí."

Sìdí ni ọmọ Kúlúsúmù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lẹ́nu ọmú ni, ó sì di ìró ìyá rẹ̀ mú. Fàsásì wo ilẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Fún un jẹ. Bí o bá kọ̀, wàá padà sílé bàbá ẹ l'Ọ́jà'ba lónìí. Tiwa lọmọ, kò ní bá ẹ lọ."

Kúlúsúmù mú apálá kejì. Ó wo ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ti Edith kò ní irú ẹ̀. Àbí ó ti bàjẹ́? Ahọ́n rẹ̀ sọ pé oúnjẹ ni, ọkàn rẹ̀ kò gbà tán.

"Mi ò ní fún un," ó ní. "Kì í ṣe májèlé, Bàbá. Àmọ́ mi ò ṣe é rí, mi ò sì mọ ohun funfun yìí. Èmi lè jẹ ẹ́. Mi ò ní fi ọmọ dán an wò."

Àṣàkẹ́ ní, "Ṣé ẹ gbọ́?"

Kúlúsúmù bẹ̀rẹ̀ sí í já ọwọ́ Sìdí kúrò lára ìró rẹ̀ kó lè máa lọ. Ọmọ náà kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń sunkún.

"Kúlúsúmù, mú ọ̀kan wá fún mi."

Ìyá Àjọkẹ́ ló sọ̀rọ̀. Fàsásì dá a lọ́wọ́ kọ́.

"Ìyá, ẹ má jẹ ẹ́."

"Obìnrin yìí yàn láti fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀, dípò kó fún un ní ohun tí kò dá a lójú. Òun lẹ ní ó fẹ́ pa mí?"

Ó gba apálá náà, ó fi etí aṣọ nu funfun ara rẹ̀, ó gé e jẹ. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó gbé e mì, ó sì dijú. Nígbà tó la ojú, Àṣàkẹ́ ló wò.

"Lọ bu ẹ̀kọ gbígbóná wá," ó ní. "Ebi ń pa mí."