Èémí Bọ̀wálé Lórí Òkè Páńdà

Kí Adéṣẹwà tó fẹ́ Bọ̀wálé ni ẹ̀rù ti ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, nítorí ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, tí ń tún fóònù ṣe nínú ọjà Ashton ní ẹ̀bá Manchester, tí kì í gbóhùn sókè sí oníbàárà. Ẹ̀rù ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Síkúlà ni Bọ̀wálé, ó ní àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní arọmọléegun, èyí tí ó máa ń sọ eegun ènìyàn di iná. Adéṣẹwà mọ àìsàn náà bí ẹni mọ ọ̀tá ilé. Òun ló pa Jọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí Adéṣẹwà ṣì kéré, kí ìyá wọn tó mú un wá sí Manchester. Ohun tó rántí jù nínú ikú náà kì í ṣe ẹkún. Èémí Jọlá ni: kúkúrú, kúkúrú, bí ajá tó sáré ọ̀nà jíjìn dé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó, olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wọn ní Newton Heath ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, bó ṣe ń sọ fún gbogbo àfẹ́sọ́nà. Èsì dé: SS ni Bọ̀wálé, AS ni Adéṣẹwà. Bàbá náà pè wọ́n sí ọ́fíìsì, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé ìjọ kò ní lè so wọ́n pọ̀. Wọ́n lọ ṣe é ní kọ́ọ̀tù. Ìyá Adéṣẹwà wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò fẹnu kan omi. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ tí kì í pe ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkọ ọmọ rẹ̀ rí. “Ẹni yẹn ńkọ́?” ni í máa ń wí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Bọ̀wálé ní tirẹ̀ fẹ́ràn páńdà láti kékeré. Orí bẹ́ẹ̀dì ọ̀síbítù ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wà tó kọ́kọ́ rí i lórí tẹlifíṣọ̀n: ẹranko dúdú òun funfun, tó jókòó bí àgbàlagbà, tí ń jẹ oparun, tí gbogbo ayé sì ń du ẹ̀mí rẹ̀. Ó ní kò sóhun tó dùn mọ́ òun lọ́jọ́ náà tó ìyẹn, pé ẹranko kan lè má lágbára, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó wọn fìdí múlẹ̀, wọ́n pinnu láti gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì la ilẹ̀ Ṣáínà já, kí wọ́n máa sùn ní ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì parí rẹ̀ sí ọgbà kan tí wọ́n ti ń bí páńdà. Adéṣẹwà gba ìsinmi ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Stockport. Dókítà tó ń tọ́jú Bọ̀wálé kò ní kó má lọ. Ó kàn ní kó má jẹ́ kí òtútù mú un, kó má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́, kó má sì gun òkè gíga. Bọ̀wálé gbọ́ méjì àkọ́kọ́ dáadáa.

Ohun tí Adéṣẹwà rò ni pé ẹ̀bá ìlú ńlá, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ni ọgbà náà wà. Inú bọ́ọ̀sì ni ojú rẹ̀ ti là. Ọkọ̀ ń gùn, ó ń gùn, etí rẹ̀ ń dí, ó ń ṣí, àfonífojì ń jìn sí i lábẹ́ fèrèsé. Ọgbà tí Bọ̀wálé yàn wà láàrin òkè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ páńdà bí wọn yóò ṣe padà sínú igbó. Adéṣẹwà wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí i pé ó ti mọ̀ tipẹ́. Ó bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí. Bọ̀wálé fa síìpù ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn, ó mu omi, ó ní ara òun dá ṣáṣá. Láti ìgbà náà ni ọkàn Adéṣẹwà kò ti balẹ̀ mọ́.

Kùrukùru bo gbogbo ọgbà náà. Ọmọbìnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń mú àwọn àlejò káàkiri, ọ̀nà olókùúta tó ń gòkè láàrin oparun. Ó ṣàlàyé pé àwọn kì í kàn fi akọ mọ́ abo. Àwọn máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àwọn máa ń wo ìran wọn sẹ́yìn. Bí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì kò bá bára mu, bí wọ́n tilẹ̀ ń ké síra wọn láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà méjèèjì, àwọn kì í ṣí ilẹ̀kùn. Adéṣẹwà gbọ́ ọ, ó dà bí ẹni pé ó tún jókòó sí ọ́fíìsì olùṣọ́-àgùntàn.

“Bí àwọn méjèèjì bá ti yan ara wọn ńkọ́?” ni Bọ̀wálé bi í.

Ọmọbìnrin náà ní àwọn á gbé ọ̀kan lọ sí ibòmíràn, yóò sì gbàgbé. Bọ̀wálé rẹ́rìn-ín. Láàrin ẹ̀rín náà ni ikọ́ ti já a gbà, ó sì fi ọwọ́ tẹ àyà rẹ̀ díẹ̀. Adéṣẹwà rí ọwọ́ náà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dé ilé àwọn ọmọ tuntun.

Lẹ́yìn gíláàsì gbọọrọ ni àwọn ọmọ páńdà náà sùn sí, ara wọn mọ́ra bí ìṣù òwú. Bọ̀wálé fi iwájú orí ti gíláàsì náà, kò mira. Adéṣẹwà ń gbé fóònù láti yà á ní fọ́tò nígbà tí ó rí èémí rẹ̀ lára gíláàsì. Ó ń hàn, ó ń parẹ́, ó ń hàn, ó ń parẹ́, kúkúrú, kúkúrú. Ara Adéṣẹwà ti mọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

“Bọ̀wálé, jókòó.”

“Mo ti ń gbìyànjú láti jókòó. Orúnkún mi ò gbà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti àná.”

Adéṣẹwà gbá a mú kó tó ṣubú. Báàgì bọ́ léjìká rẹ̀, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Afinimọ̀nà náà sáré lọ pe ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kó oúnjẹ ẹranko, wọ́n gbé Bọ̀wálé sí i, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ nínú kùrukùru tí kò jẹ́ kí awakọ̀ rí ìgbátí ọ̀nà. Adéṣẹwà gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ètè Bọ̀wálé ti ń dà bí eérú. Adéṣẹwà fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu ju “jọ̀ọ́” lọ, ó sì ń wí i, “jọ̀ọ́, jọ̀ọ́,” títí ọkọ̀ ọ̀síbítù fi pàdé wọn nísàlẹ̀.

Ọ̀síbítù kékeré kan láàrin òkè náà ni wọ́n gbé wọn lọ. Dókítà tó gbà wọ́n kò tíì dàgbà púpọ̀. Kíákíá ló fi ọ́síjìn sí imú Bọ̀wálé, ó gún un lábẹ́rẹ́ fún ìrora, ó fa omi sí i lára, ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó wá sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀, fóònù náà sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún Adéṣẹwà: ṣé ọkọ rẹ ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀bẹ ìkórè? Ó kọ́kọ́ rú u lójú. Lẹ́yìn náà ló yé e pé dòjé, “sickle” ní Gẹ̀ẹ́sì, ni fóònù ń wí, pé síkúlà ni, ó sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò lè dá a dúró. Dókítà náà ní òun kà nípa rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, òun kò tíì fojú rí i rí. Ó ti pe olùkọ́ rẹ̀ ní ìlú ńlá. Àyà Bọ̀wálé ni àìsàn náà ti kọ lù, ó nílò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà yóò sì ti ìsàlẹ̀ wá ní ọ̀nà tí kùrukùru bò.

Afinimọ̀nà náà kò padà lẹ́yìn wọn. Ó na fóònù tirẹ̀ sí Adéṣẹwà, ó ní kó pe ilé. Adéṣẹwà wo fóònù náà, ó rí i pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni òun mọ̀ lórí ní gbogbo ayé, ti ìyá òun. Ilẹ̀ ń mọ́ lọ́wọ́ ní Newton Heath, níbi tí ìyá náà ń gbé, nígbà tí ìyá gbé e.

“Màmá, ó ti dé sí Bọ̀wálé lára.”

Adéṣẹwà múra sílẹ̀ de “ṣebí mo wí.” Ìyá kò wí i.

“Ṣé ó ń mí?”

“Ó ń mí, Mà, ṣùgbọ́n…”

“Gbé fóònù sún mọ́ ẹnu rẹ̀.”

Adéṣẹwà gbé e sún mọ́ ọn. Nígbà tí ó dá a padà sí etí, ohùn ìyá rẹ̀ ti yí padà.

“Mo ti gbọ́. Ohùn Jọlá nìyẹn.”

Adéṣẹwà fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Fetí sílẹ̀, Adéṣẹwà. Wọ́n ní kí n dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fún Jọlá lẹ́jẹ̀. Mo dúró. Ìwọ má dúró. Bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀, bi wọ́n pé ibo ló dé. Máa bi wọ́n títí wọn á fi kórìíra rẹ. Èmi ń lọ bá dókítà Bọ̀wálé nísinsìnyí.”

Ó pa fóònù náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Adéṣẹwà tó mọ̀ pé ìyá òun ti pe orúkọ Bọ̀wálé.

Ó ṣe bí ìyá rẹ̀ ti wí. Ó ń bi nọ́ọ̀sì, ó ń bi dókítà, ó ń bi ẹni tí ń nu ilẹ̀ pàápàá. Láàrin ìbéèrè kan sí èkejì, yóò padà wá dúró ti bẹ́ẹ̀dì, yóò máa ka àyà ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Nígbà mìíràn àyà náà yóò dúró díẹ̀, tirẹ̀ náà yóò dúró. Ní Manchester, ìyá rẹ̀ ti da kóòtù bo ẹ̀wù àwọ̀sùn, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kílíníìkì kí wọ́n tó ṣí i, ó sì di dókítà náà mú ní apá ẹ̀wù. Dókítà Manchester àti dókítà orí òkè bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin afinimọ̀nà ń túmọ̀ láàrin wọn. Ìgbà tí iná ọkọ̀ yọ nínú kùrukùru, Adéṣẹwà ló kọ́kọ́ rí i, nítorí léraléra ló ń yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n so ẹ̀jẹ̀ náà kọ́. Ó wò ó bó ṣe ń kán sínú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ náà sì tún ń bà á.

Kò san lọ́jọ́ kan. Ibà gòkè, ibà wálẹ̀. Nígbà tí Bọ̀wálé lè sọ̀rọ̀ gidi, ó bi í bóyá ó rí fọ́tò náà yà. Inú ló bí Adéṣẹwà.

“O mọ̀ pé orí òkè ni.”

“Mo mọ̀.”

“O sì mú mi gùn ún.”

“Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ, o ò ní gbà.”

“N kì bá tí gbà. Bí o bá kú síbẹ̀ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún Màmá?”

Omi bọ́ lójú Bọ̀wálé sí ìrọ̀rí, ó sì bẹ̀ ẹ́. Inú ṣì ń bí Adéṣẹwà, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Manchester, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi Bọ̀wálé sọ̀kalẹ̀, ọ̀síbítù ni wọ́n sì gbé e lọ tààrà kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ìyá Adéṣẹwà wá bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun àti ògì gbígbóná. Bọ̀wálé fẹ́ dìde kí i, ìyá fi ọwọ́ dá a padà. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ ìbọ̀sẹ̀ náà sí i lẹ́sẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Adéṣẹwà dúró lápá kan, kò mọ ohun tó yẹ kí òun fi ọwọ́ òun ṣe.

“Ẹ má bínú, Mà,” ni Bọ̀wálé wí. “Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bínú sí mi.”

“N kò bínú sí ọ rí,” ni ìyá wí. “Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó ṣì ń bà mí báyìí. Kò ní tán.”

Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bu ògì sínú ife, ó sì ní kó sọ bí ẹranko náà ṣe rí fún òun. Bọ̀wálé bẹ̀rẹ̀. Ní gbólóhùn kejì, èémí rẹ̀ kò tó. Ìyá gbé ife dání, ó dúró dè é, títí ó fi rí èémí padà, tó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.