Má Kúrò Nínú Kóòṣì

À ń fi bàtà rọ́bà tẹ kọnkéré mọ́lẹ̀ nínú kòtò ìléru kẹta nígbà tí ẹnìkan ju ìwé wáyà sí mi láti orí pákó. Mi ò dúró. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ni mo ń kà á. Ó ní: "Mò ń dé lónìí. Ustinya."

Ìyàwó mi ni. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mi ò tíì rí i.

Zinnur, ará Tatar tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ti rí ojú mi.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ ọkọ ìyàwó! Ìyàwó ò tíì dé, ijó ti bẹ̀rẹ̀!"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, Zinnur."

"Kí n máà yọ̀ ni? Ẹni tó ń hanrun bíi tìẹ, ó yẹ kí ẹlòmíì wá bá wa gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè sí Porfiri, ọ̀gá wa, tó dúró ti àwọn tó ń ti bárò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda wákàtí méjì fún mi. Ìyàwó mi ń bọ̀ lọ́kọ̀ ọ̀sán."

"Nikifor, o mọ̀ pé tí apá kan bá gbẹ kí ìyókù tó dé, ìpìlẹ̀ yìí ti là nìyẹn."

"Ẹnìkan péré ni mí, ọ̀gá."

"Ẹnìkan péré ni gbogbo wọn. Mi ò so ẹ́ mọ́lẹ̀, máa lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ wa bá gba ipò kìíní nínú ìdíje, mi ò ní lè pe orúkọ ẹ fún igun tọkọtaya yẹn."

Ọgọ́ta ọkùnrin la jọ ń sùn nínú ilé pákó wa. Igun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Tọkọtaya lè fi aṣọ ìkélé dí i, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Igun kan ṣoṣo ni, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá sì gba ipò kìíní ló ń yan ẹni tí yóò gbà á. Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi wò ó.

Mo ti kọ̀wé sí Ustinya pé: "Tí o bá dé, má kúrò nínú kóòṣì. Màá wá bá ọ níbẹ̀." Ìlú wa kò ní òpópónà nígbà náà, nọ́ńbà ilé kì í sì í lo oṣù kan kí wọ́n tó yí i. Ibùdókọ̀ nìkan ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Kóòṣì ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan ni, ó dúró lórí irin, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé rẹ̀.

Mo ronú pé yóò dúró. Ustinya mọ bí a ti í dúró. Lábúlé wa, bí ẹnìkan bá fẹ́ rìnrìn àjò, gbogbo ilé á kọ́kọ́ jókòó, wọn á dákẹ́ díẹ̀, kí ó tó dìde. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo ń kánjú. Mi ò jókòó. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, òun nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì.

Mo dúró nínú kòtò.

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Inú garawa ni wọ́n ti ń sọ ọbẹ̀ kábéèjì kalẹ̀ sí wa, a sì ń tẹ̀ bí a ti ń jẹ. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kòtò kún. Porfiri bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ipò kìíní ni wá. Igun di tìẹ."

Zinnur ju ìborùn rẹ̀ sí mi. "Nu ojú ẹ. Ìyàwó á rò pé ère ló ń bọ̀."

Mo sáré. Nígbà tí mo débẹ̀, irin nìkan ló kù. Wọ́n ti da èédú sí ààyè kóòṣì. Bàbá kan ń fi ṣọ́bìrì gbá a jọ.

"Bàbá, kóòṣì dà?"

"Wọ́n ti tì í lọ lọ́sàn-án àná. Ó wà lẹ́yìn òkè tí wọ́n ti ń wa irin."

"Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣé èmi ni mo kó wọn síbẹ̀ ni?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tì í níṣojú mi rí. Mo mọ̀. Síbẹ̀, mo kọ ohun tí mo kọ.

Kìlómítà mẹ́fà ni. Mo bá kóòṣì náà ní àárín pápá gbalasa. Fyokla, ìyá tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ni Nikifor?"

"Èmi ni, màmá."

"O pẹ́. Ó ti bá ọkọ̀ aago mẹ́sàn-án lọ."

Mo bojú wo ojú irin.

"A ní kó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ti kóòṣì. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọkọ òun ní kí òun má kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tì í tòun ti kóòṣì nìyẹn, ó gbá ẹrù ẹ̀ mọ́ra."

"Kí ló dé tí kò dúró dè mí?"

"Ìwé ìrìnnà ọjọ́ mẹ́rin ni oko ìjọba fún un. Ọkọ̀ mìíràn di ọ̀túnla, ọjọ́ ìwé ẹ̀ á sì ti kọjá. Ṣé kí wọ́n mú un ni?" Ó gbé ẹrù kékeré kan fún mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kó tó lọ, ó jókòó díẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì yẹn, kò sọ nǹkan kan. Ó fi àyè ẹnìkan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀."

Mo jókòó sí àyè náà. Lẹ́yìn náà ni mo tú ẹrù. Aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ni, èyí tí a ó fi ṣe ìkélé ní igun.

Mo fi ìṣó kàn án sí igun náà. Èmi nìkan ni mo ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Zinnur kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà òtútù ọdún yẹn, ìjọba dá ìwé ìrìnnà àwọn ará oko dúró. Èmi náà tọrọ àyè láti lọ. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ìléru bá gbiná. Ó gba ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti kan ilẹ̀kùn wa pa. Aládùúgbò ní Ustinya ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù. Kò mọ ìlú tó jẹ́.

Ìpìlẹ̀ ìléru kẹta kò là títí di òní. Aṣọ náà wà nínú àpótí mi. Ihò ìṣó mẹ́rin ló wà lára rẹ̀.