Kámẹ́rà Làtífù Kò Rí Mi

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Lagbé bóyá Ràhímátù ìyá elépo lọ síbi ìgbéyàwó Fàúzíyàtù. Wọ́n á ní, ṣé orí yín pé ṣá? Ta ló ṣojú bàbá ìyàwó bí kì í bá ṣe èmi? Èmi ni mo ka ẹrù ìyàwó kalẹ̀, èmi ni mo bá àwọn àna jà nítorí ìjókòó, èmi náà ni mo gbàdúrà sórí ọmọ náà títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi Mùríìdì, bàbá Fàúzíyàtù, tó ti wà ní Libreville ní Gàbọ́ọ̀nù láti ìgbà tí ọmọ náà kò tíì hu eyín, wo fídíò ìgbéyàwó, ó ní òun kò rí mi.

"Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin," ló wí lórí fóònù. "O kò lọ, Ràhímátù. Ọjọ́ ayọ̀ ọmọ mi, o jókòó sílé, ò ń se epo."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ! Ẹ bi ọmọ yín."

"Mo bi í. O ti kọ́ ọ ní irọ́ pípa. Fídíò kì í purọ́."

Ó pa fóònù. Láti ọjọ́ náà kò pè mí mọ́. Tí mo bá pè é, á dún, á dún, á dákẹ́. Màmá wa ti lọ, àwa méjì péré ló sì kù nínú ọmọ tó bí. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí ibi tí mo lọ tí wọ́n ní mi ò lọ. Ó dùn mí dé egungun.

Nígbà tí Fàúzíyàtù bímọ ni mo wá ní kó fi fídíò náà hàn mí. Ẹ gbà mí o! Kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí. Adúmáadán ni mí. Kì í ṣe dúdú yẹpẹrẹ tí ẹ ń rí káàkiri, dúdú tó ń dán ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, àwọn ọkùnrin ń gun kẹ̀kẹ́ láti Daagbé wá wò ó. Nínú fídíò tí Làtífù ayàwòrán yà níbi ìgbéyàwó náà, mo rí léèsì funfun mi tó ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀, gèlè ń tẹ̀lé e lókè, kò sí èèyàn kankan láàárín àwọn méjèèjì. Níbi tí mo ti rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló yọ. Ọmọdé tó bá rí i á ké.

Omijé bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo gun alùpùpù zẹ́mì, ó di Ifangni, ó di ṣọ́ọ̀bù Làtífù tó ń ya fọ́tò àti fídíò lójú oríta. Mo bá a tó ń jẹ búrẹ́dì.

"Làtífù, kí ni mo fi ṣe ọ́ láyé?"

"Tóńtí, ẹ káàárọ̀. Ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó! Níbo lo gbé mi sí nínú fídíò?"

Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó wò mí, ó ní kì í ṣe ẹjọ́ òun, ẹjọ́ kámẹ́rà ni. Ó ní nígbà mìíràn kí n fi àtíkè sójú dáadáa. Àtíkè! Kí n wá dà bí ẹni tó ṣubú sínú láfún lójú àwọn àna? Nígbà tó rí i pé mo ti ń tú ìborùn mi, ó yí ohùn padà.

"Tóńtí, ẹ̀yin náà ń fún epo, àbí? Kámẹ́rà ń fún àwòrán. Tó bá ti rí nǹkan, á fún un mọ́lẹ̀ kó lè kéré, kó lè wọ káàdì tó ń kó o pamọ́ sí. Ibi tó bá dúdú ló máa kọ́kọ́ sọ nù, torí ó rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Dúró ná. Ìyẹn ni pé ó fún gbogbo wa pọ̀, ó gbé epo, ó wá da èmi nù bí ògùṣọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, Tóńtí."

Mo yíjú sí kámẹ́rà náà lórí tábìlì. Mo ní, "Ọlọ́run á dá ẹjọ́ wa, èmi pẹ̀lú rẹ."

Làtífù rẹ́rìn-ín, ó wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní agbára kámẹ́rà náà ju èyí tó ń lò lọ. Àwọn tó ṣe é ló so ó lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè rí èyí tó wọ́n jù ú lọ tà. Ó ní àwọn kan tí wọ́n fẹ́ràn irú kámẹ́rà yẹn ti jókòó sídìí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ òfin tuntun tí èèyàn lè dà sínú ọpọlọ rẹ̀, tí á tú okùn náà. Tí wọ́n bá dà á sí i, kámẹ́rà kò ní fún àwòrán le mọ́, ohun tó bá wà nínú òkùnkùn á yọ.

"Kí ló wá dé tí o kò dà á?"

"Tí nǹkan kan bá dá a dúró láàárín, Tóńtí, ó tán nìyẹn. Á di òkúta. Ọ̀kan yìí náà ni mo sì ní."

"Òkúta ló ti jẹ́ fún èmi tẹ́lẹ̀. Fàúzíyàtù ti bímọ, ìsọmọlórúkọ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ rí mi níbẹ̀. Dà á, tàbí kí n máa gbé ṣọ́ọ̀bù yìí pẹ̀lú rẹ."

Mo wá jókòó. Ó mọ̀ pé mi ò ṣeré.

Ó rọ iná kún bátìrì, ó gbé nǹkan náà sórí káàdì, ó ti káàdì bọ kámẹ́rà, ó ní "Bísímílà," ó tẹ̀ ẹ́. Ojú kámẹ́rà ṣú. Iná pupa kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára rẹ̀.

"Tóńtí, ẹ má mí."

"Kí n má kí ni?"

"Ẹ má fọwọ́ kan tábìlì ni mo fẹ́ sọ."

Ọkùnrin kan wọlé láti ya fọ́tò ìwé ìdánimọ̀. Mo lé e jáde kó tó kí wa tán. Lẹ́yìn náà ni iná pupa náà kú. Làtífù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di orí mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, èyí tó wà fún òjò, èyí tó wà fún aboyún, torí mi ò mọ èyí tó wà fún kámẹ́rà. Bí mo ṣe ń ka ti ìrìn àjò lọ́wọ́, kámẹ́rà dún, ojú rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó kọ sójú rẹ̀ kì í ṣe Faransé mọ́. Lẹ́tà tí Làtífù kò rí rí ni.

"Ó ti dàrú," ló wí.

"Kò dàrú. Ìrìn àjò ló lọ, ó ti gbọ́ èdè bọ̀. Yà mí!"

Ó yà mí, ó wo inú kámẹ́rà, ó pariwo. Ó fẹ́ fi hàn mí, mo kọ̀. Mo ní ẹni tó yẹ kó wò ó ń bẹ ní Libreville.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Fàtímọ̀, ìyá ọkọ Fàúzíyàtù, kéde nílé wọn ní Daagbé pé kí ẹnikẹ́ni má gbé pọ́táàbù, fóònù ọwọ́ wọn, sókè yàwòrán, kí fídíò tó ń lọ sí Gàbọ́ọ̀nù lè mọ́ tónítóní. Èmi ní tèmi ti pinnu. Ibi tí kámẹ́rà bá kọjú sí, ibẹ̀ ni mo wà. Wọ́n gbé omi wá, mo bá wọn gbé e. Wọ́n gbé oyin wá, mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn àlejò fẹ́ wo ọmọ, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà mí.

"Àna mi," Fàtímọ̀ sọ fún mi, "ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ lórúkọ ni?"

"Ẹ máa ṣe tiyín," ni mo dá a lóhùn.

Àlùfáà tẹ̀ sétí ọmọ láti pe orúkọ. Ìgbà yẹn gan-an ni kámẹ́rà dún, ó dákẹ́. Káàdì ti kún! Àṣé kámẹ́rà tí wọ́n tú sílẹ̀ kì í fún nǹkan mọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé mì. Káàdì tó máa ń gba odidi ìgbéyàwó, ó ti yó kí ayẹyẹ tó dé ìdajì. Làtífù sáré ti káàdì mìíràn bọ̀ ọ́, kámẹ́rà kọ̀ ọ́, ó ní káàdì náà kò yára tó. Ó kéré tán mo rò pé ohun tó kọ nìyẹn, èdè rẹ̀ ni mi ò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n wo fídíò, ẹnu ya gbogbo ilé. Ràhímátù pẹ̀lú omi. Ràhímátù pẹ̀lú oyin. Ràhímátù ń lé àlejò sẹ́yìn. Ọmọ náà yọ lẹ́ẹ̀kan: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, lábẹ́ apá mi. Fàtímọ̀ ṣépè fún Làtífù, ó kù díẹ̀ kó kàn mí. Ọkọ Fàúzíyàtù sì ti fi í ránṣẹ́ sí Libreville. Ojú tì mí. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí mi, mi ò fẹ́ bo ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Ní ọjọ́ kejì, fóònù Fàúzíyàtù dún. Ó gbọ́ díẹ̀, ó nà án sí mi. "Bàbá ní kí n gbé e fún yín." Gbogbo wọn sún mọ́ mi. Fàtímọ̀ ní kí n lọ jẹ́jọ́ mi.

Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí náà mo fi ìbínú bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí mi àbí ẹ ò rí mi? Fídíò kì í purọ́, àbí? Ó yá, ẹ sọ̀rọ̀!"

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ràhímátù," ó wí, "ìgbà wo ni ojú rẹ di ojú Màmá?"

"Kí lẹ wí? Ṣé mo ti gbó tó yẹn ni?"

Fàtímọ̀ bú sẹ́rìn-ín, mo pòṣé sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín.

"Ibi tí o ti ń lé wọn sẹ́yìn yẹn, tí o ṣe ẹnu báyìí, Màmá ni. Ìlà ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ yẹn, Màmá ni. Ibẹ̀ ni mo dá fídíò náà dúró sí. Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Mo ti jókòó tì í láti àárọ̀."

Gbogbo èébú tí mo kó jọ dè é sá lọ. Nígbà tí Màmá kú, kò lè wá. Kò ní ìwé ìgbélùú, tó bá jáde ní Libreville, wọn kò ní jẹ́ kó padà wọlé. A sin ín láìsí òun níbẹ̀. Láti ìgbà náà, á bi mí nípa òjò, á bi mí nípa epo, kò bi mí rí nípa ìyá wa. Èmi náà kò sì sọ, mo rò pé kò fẹ́ gbọ́.

Fàtímọ̀ nawọ́ sí fóònù. "Ẹ bi í bóyá ó tilẹ̀ mọ orúkọ ọmọ!" Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Mùríìdì ń sunkún. Ó ní, "Ràhímátù, báwo lẹ ṣe sin ín?"

Mo jáde kúrò láàárín wọn, mo wá àpótí kan jókòó lé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un, láti òwúrọ̀ ọjọ́ tí Màmá kò jí.