Oògùn Tí Àkùkọ Gbé Mì

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má dà á nù!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá Síkírù ti ju gbogbo oògùn wárápá ìyàwó ọmọ rẹ̀ gba ojú fèrèsé.

"Oògùn yìí ló ń fi oorun pa ọ́! Nídìí ẹja yíyan, ìwọ nìkan lo máa ń tòògbé. Ní Ẹ̀pẹ́ tiwa, ìtọ̀ màlúù la fi ń wo alárùn!"

Ṣẹ̀rífátù sáré jáde, ṣùgbọ́n àkùkọ Màámi, tí gbogbo Ìbẹ̀ṣè tí wọ́n ń gbé mọ̀ sí aláriwo, ti ṣa hóró oògùn jẹ tán. Nígbà tí iná ẹja fi máa ràn dáadáa, àkùkọ ti ń rìn bí ọ̀mùtí. Ó fi àgógó gúnlẹ̀, ó nà gbalaja.

"Yéè! Síkírù! Májèlé nìyàwó ẹ ń gbé mì láràárọ̀! Wá wo òkú!"

Síkírù ju àwọ̀n tó ń tún ṣe sílẹ̀, ó sáré dé.

"Kò kú," Ṣẹ̀rífátù ní. "Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ síra wọn ni. Èyí á ní, 'Dìde, pariwo!' Òmíràn á ní, 'Ó tó, dákẹ́!' Nínú orí tèmi, àwọn tó ń ní 'dákẹ́' ò lágbára tó. Ariwo á gbalẹ̀, màá wó. Oògùn yìí ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àkùkọ yín tí ò lárùn wá gbé e mì bí àgbàdo, 'dákẹ́' wá pọ̀ jù lórí ẹ̀!"

"Ìwọ ni kó o dákẹ́!"

Àkùkọ gbórí sókè, ó kọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún sùn. Síkírù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fa igi ìdáná yọ. Ẹ̀rín tán lẹ́nu Síkírù.

"Ṣẹ̀rífá, kó ẹrù ẹ kúrò nílé ọmọ mi!"

"Mo ti ń lọ, mà."

"Lọ síbo? Ta ló máa yí ẹja?"

"Ẹ̀yin ni. Mi ò tíì lo oògùn òní, mi ò sì ní dúró ti iná. Tí mo bá wó sínú ẹ̀ ńkọ́?"

Òórùn ẹja tó ń jóná gba ọgbà.

"Ọmọ mi dáadáa, yí apá kan péré!"

Ṣẹ̀rífátù wé ìborùn rẹ̀.

"Ṣé kí n sìn ọ́?" Síkírù bi í.

"Ẹ bá Màámi yí ẹja. Tí mo bá gba oògùn mìíràn ní ọsibítù tán, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Lásùnwọ̀n lẹ ti máa bá mi. Ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ wá."

Ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó fún ara rẹ̀ sáàárín èrò méjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó sọ fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "wárápá ni mo ní. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́ mi sílẹ̀."

Obìnrin náà sún kúrò. Ṣẹ̀rífátù sún tẹ̀lé e.